Ìmọ̀ràn kíákíá: eré ajalèlókun tí àwọn ọmọ lè fi sáré nínú ilé

Ìyá Ire
Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀la ni ọjọ́ ìbí ọmọ mi, ajalèlókun ló ní òun fẹ́, gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló sì ti gbọ́. Òjò ti sọ ọgbà tá a fẹ́ lò di adágún, inú ilé la máa ṣe é báyìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣàn. Eré tí wọ́n á fi lo ara wọn dáadáa ni mò ń wá. Kí lẹ ti ṣe tó dáa?

Bàbá Ìbejì
Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ire. Ọlọ́run á dá a sí fún yín. Ẹ tètè dé Ògùnpa láàárọ̀ yìí, ẹ ra idà rọ́bà àti fìlà dúdú. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ ya Dùgbẹ̀, ẹ tọrọ páálí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fíríìjì, òun lẹ máa fi ṣe ọkọ̀. Tọ́mọ bá ti rí ọkọ̀, eré ti dé nìyẹn.

Àǹtí Olùkọ́
Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Mélòó ni wọ́n máa tó? Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ẹ gbé "Ọ̀gá ọkọ̀ ń bọ̀" yẹ̀ wò, mo máa ń lò ó ní kíláàsì mi. Ẹnì kan á máa pàṣẹ, àwọn yòókù á máa ṣe é. "Ọ̀gá ọkọ̀ ń bọ̀!": kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí wọ́n kí i bíi ṣọ́jà. "Ẹ fọ ọkọ̀!": kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n máa fọwọ́ nu ilẹ̀. "Ẹ gun òpó!": kí wọ́n máa gbé ọwọ́ àti orúnkún sókè lójú kan. "Ẹ tukọ̀!": kí wọ́n jókòó tẹ̀ léra, kí wọ́n máa fa àjẹ̀. "Ọ̀tún!" tàbí "Òsì!": kí wọ́n sáré lọ fọwọ́ kan ògiri. Bí àṣẹ bá ṣe ń yá sí i lẹ̀rín á máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣì í, ẹ má lé e jáde o. Ọmọ tára ẹ̀ ò yá, tó yẹ kó sáré jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde, á wá jókòó sí kọ̀rọ̀ títí eré á fi parí. Ẹ ní kó rákò yí àga kan po, kó padà sáàárín wọn.

Dádì Mẹ́ta
Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Olè ni ajalèlókun. Kí nìdí tá a fi ń fi olè ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1722, Bartholomew Roberts, ọ̀gá ajalèlókun kan, wọ Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá níbí, ó sì gba ọkọ̀ 11. Ọ̀kan tí ọ̀gá ẹ̀ kọ̀ láti sanwó ìràpadà, wọ́n dáná sun ún, pẹ̀lú nǹkan bí ẹrú 80 tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ra nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn wa ni wọ́n. Àwọn tó ń ta fìlà dúdú yìí fọ́mọ wa kì í sọ ìyẹn.

Awòkun
Dádì, òótọ́ lẹ sọ, kò sì tíì tán. Inú ọkọ̀ epo lẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2020, atukọ̀ 135 ni wọ́n jí gbé lójú omi káàkiri ayé, 130 nínú wọn ló jẹ́ ní Gulf of Guinea, lágbègbè wa níbí. Ọdún 2019 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó fi ń mú wọn. Kí àwọn ọmọ ṣeré, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ológun ojú omi tó ń lé ajalèlókun. Eré sísá náà kan náà ni.

Àǹtí Olùkọ́
Dádì, mo gbọ́ yín, ìtàn yẹn sì dùn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ṣe ẹkùn mẹ́ran nígbà tá a wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ di apẹran nínú wa. Ó tiẹ̀ wúlò fún ohun tí Ìyá Ire ń wá. Kí àwọn ọmọ di ọwọ́ mú yí ká, kí ẹni tó ru ìṣúra wà láàárín, kí ajalèlókun wà níta, kó máa wá ibi tó máa gbà wọlé. Àwọn tó yí ká ni ọkọ̀. Ẹ ò ní ra nǹkan kan.

Bàbá Ìbejì
Pákó ńkọ́? Ajalèlókun wo ni ò ní pákó? Ẹ gbé pákó lé àpótí méjì, ẹ fi aṣọ di ọmọ lójú, kó rìn ín dópin, kó bẹ́ sórí fóòmù. Àwọn ìbejì mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tá a ṣe é.

Ìyá Káyọ̀dé
Bàbá Ìbejì, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yẹn mọ́. Pákó yẹn gan-an ló ṣẹ́ ọmọ mi léegun èjìká. Ilé ẹbí wa kan la ti ń ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n háyà àwọn tó ń bá ọmọdé ṣeré. Wọ́n gbé pákó lé kéèsì mínírà méjì lórí táìlì, wọ́n fi gèlè di Káyọ̀dé lójú. Kò tíì dé àárín tí kéèsì iwájú fi yọ̀. Fóòmù wà níbẹ̀ o, àmọ́ ọ̀gangan iwájú ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ẹ̀gbẹ́ lọmọ ṣubú sí. Mo gbọ́ ọ láti kíṣìnì, ó dún bí igi ìdáná tí wọ́n dá sí méjì. Kò tiẹ̀ ké. Ó kàn di apá ẹ̀ mú, ó ń wò mí. Ká tó ti ọsibítù dé, àwọn tí wọ́n háyà ti kó ẹrù wọn lọ.

Ìyá Àdùnní
Háà! Ẹ kú ewu, Ìyá Káyọ̀dé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ṣé kì í dùn ún mọ́? Ṣé ó lè gbé apá sókè?

Ìyá Káyọ̀dé
Ẹ ṣé, mà. Ó ń gbé e, àmọ́ tí òtútù bá mú, á máa fọwọ́ pa á.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ ò bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa, ewé àti òrí ni wọ́n fi ń ṣe é, òtútù ò ní dé ibẹ̀ mọ́ láéláé.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yàwòrán eegun ná. Tí wọ́n bá fi ọparun di apá le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọwọ́, ọwọ́ á sì jẹrà. Mo ti bá wọn gbé ọmọ tí wọ́n ní láti gé lápá nítorí ẹ̀. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ bá wà nínú dídì, tí ìka ẹ̀ tutù, tó ń dúdú, tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, kó tètè ní kí wọ́n tú u.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Bàbá tí mò ń wí kì í dì í le. Àwọn ló to ẹsẹ̀ bàbá mi, ó sì ń fi lọ oko dòní. Gbogbo wọn kọ́ ló rí bákan náà.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà
Mi ò bú bàbá yín. Ọmọdé là ń sọ. Eegun wọn ṣì ń gùn. Tó bá jẹ́ ibi tó ti ń gùn gan-an ló ṣẹ́, ọwọ́ lásán ò lè mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ire
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá Káyọ̀dé, ẹ kú ewu ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ire, mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì la wà, bàbá onílé wà nísàlẹ̀, wọ́n ti dàgbà, wọn ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa dún gìrìgìrì lórí àwọn. Pálọ̀ wa ò sì fẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham
Èèyàn wà lábẹ́ tiwa náà níbí, mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, torí ó ń yọ̀ lórí táìlì. Ẹ wá ká ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún di bọ́ọ̀lù, ọta àgbá nìyẹn. Ẹ fi ìrọ̀rí àga dá pálọ̀ sí méjì, ó di ọkọ̀ méjì. Kí wọ́n máa ju ọta sínú ọkọ̀ ara wọn títí ẹ ó fi fọn fèrè. Ọkọ̀ tí ọta inú ẹ̀ bá kéré ló borí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á nà, wọ́n á yí, kò sẹ́ni tó máa fò. Tí wọ́n bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ bọ́ sí ọ̀gá ọkọ̀ tó ń sùn. Ọmọ kan á jókòó láàárín, á pajú dé, ìdì kọ́kọ́rọ́ á wà níwájú ẹ̀. Àwọn yòókù á máa rákò wá jí kọ́kọ́rọ́ náà gbé. Tó bá gbọ́ ìró kan, á nawọ́ síbẹ̀, ẹni tó nawọ́ sí á padà sídìí ògiri. Bàbá onílé ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá Alákéèkì
Ìyá Ire, ta ló ń bá yín ṣe kéèkì? Mo lè ṣe èyí tó dà bí àpótí ìṣúra, pẹ̀lú ṣokoléètì tó dà bí owó wúrà. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Ire
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ka gbogbo ẹ̀. Ire ò gbà rárá, pákó ló fẹ́. Páálí ni mo tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, kò ga ju ilẹ̀ lọ, mi ò sì ní di ẹnikẹ́ni lójú. Téèpù búlúù ni omi. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá kan omi, ọ̀nì ti gbé e, òun náà á di ọ̀nì, á máa rákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí láti mú ẹlòmíì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ bàbá onílé sílẹ̀, wọ́n ní àwọn máa gòkè wá, kí n gbé àga kan sídìí fèrèsé fún àwọn. Àwọn ni ọ̀gá ọkọ̀. Ìyá Alákéèkì, kéèkì ti wà nílẹ̀, ẹ ṣé. Bàbá Ìbejì, mo ti ra idà ní Ògùnpa, mẹ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà
Idà yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ya fọ́tò tán, kẹ́ ẹ wá kó o sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ni mò ń rò.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ìyá Káyọ̀dé, mo ti fi nọ́ńbà bàbá yẹn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ pè wọ́n fún ti òtútù yẹn.