Mo fẹ́ wọn Suzuki LJ80 àtijọ́ àtàwọn páàtì ẹ̀ kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án, báwo ni kí n ṣe é ní Àkúrẹ́?

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ní jíìpù kékeré Suzuki LJ80 kan tó jẹ́ ti bàbá àgbà mi, oko Ìdànrè ló wà tipẹ́tipẹ́ nítòsí ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, a ti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ọ̀dà báyìí a sì ti tú u palẹ̀, bọ́dì wà lọ́tọ̀, ẹ́ńjìnnì wà lórí táyà nílẹ̀, ṣáńsí ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wẹ́dà ní páànù onílà wúruwùru tó nípọn mílímítà 3 lòun máa fi ṣe gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ torí pé ti tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà, pé òun á tún fi páìpù ṣe bọ́ńpà níwájú àti lẹ́yìn. Mẹkáníìkì ní tiẹ̀ ní ká yọ ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn dànù ká fi ti Toyota sí i. Èmi wá ń rò ó pé mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 797 cc, tí agbára ẹ̀ ò ju bíi họ́sìpáwà 41 lọ, tí a bá ń to irin lé e báyìí ṣé ó ṣì máa gun òkè lọ́nà oko wa?

Mo fẹ́ mọ ìwọ̀n ẹ̀ kí n tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Ìwé ẹ̀ ti sọnù. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mo rí 590 kílò, mo rí 760, mo tún rí èyí tó lé ní 800, èwo ni kéèyàn gbà? Ẹnì kan ní kí n gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn lọ́rì òkúta, ṣé ìyẹn dáa? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

WáyàGbóná:
Kí lo fẹ́ fi ìwọ̀n ṣe bọ̀ọ̀dá mi, ṣé o fẹ́ tà á fáwọn onírin àlòkù ni? Jẹ́ kí wẹ́dà fi páànù tó lágbára sí i jàre, kó má baà jẹ́ pé ọdún tó ń bọ̀ lo tún máa lọ bá a. Irin ni irin ń jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣáńsí:
WáyàGbóná, o ò ní í pa wá o. Àbúrò, ohun tó o fẹ́ ṣe yẹn ló dáa, àwọn tí ò wọ̀n ọ́n ni wọ́n máa ń padà wá béèrè ìdí tí sípíríǹgì fi ń tẹ̀.

Ká mú nọ́ńbà tó o rí kọ́kọ́. LJ10 ló ni 590 yẹn, ìyẹn èyí tí Suzuki kọ́kọ́ gbé jáde ní 1970, sílíńdà méjì, 359 cc, two-stroke. Tìẹ, 1977 ló bọ́ sójà, sílíńdà mẹ́rin, four-stroke, mọ́tò ọ̀tọ̀ ni bí ojú wọn tiẹ̀ jọra. Èyí tó lé ní 800, ó jọ pé SJ410, jíìpù Suzuki míì tó dé ní 1981, ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn. Tìẹ máa wà láàárín 750 sí 770, kò fi bẹ́ẹ̀ ju báàgì kòkó méjìlá lọ, ìwọ náà sì mọ̀ pé mẹ́rìndínlógún ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú ìwé ni, mọ́tò tó ti pẹ́ lóko báyìí ta ló mọ iye páàṣì tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kó o sì tún béèrè bóyá epo wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, torí lítà epo bẹntiróòlù 20 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 15, omi rédíétọ̀ sì wà ńbẹ̀, ọ́ìlì gíá náà wà ńbẹ̀.

Òṣùwọ̀n lọ́rì, má lọ. Púpọ̀ nínú wọn, ogún kílò ogún kílò ni wọ́n fi ń fò, tí bọ́ńpà wẹ́dà bá fi kílò 12 kún un kò lè sọ fún ẹ. Lọ bá àwọn tó ń ra kòkó, wọ́n ní òṣùwọ̀n pẹrẹsẹ tó máa ń jókòó sílẹ̀, èyí tó ń gbà tó 300 tàbí 500 kílò. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wàá máa gbé lé e, kì í ṣe odidi mọ́tò. Bí òṣùwọ̀n yẹn bá ṣe ga tó ni kó o fi pákó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù ga. Èyí ṣe pàtàkì o, torí tó o bá gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ga, òun àti èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ kejì ẹ̀, bíi iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún, ni gbogbo ẹrù máa lọ bá, wàá wá máa ka irọ́. Kó wà ní fíríì, tú hándíbíréèkì, fi òkúta kékeré dènà ẹsẹ̀ tí kò sí lórí òṣùwọ̀n, kó o wá fọwọ́ tẹ mọ́tò náà sókè sódò kó tó di pé o kà á, torí sípíríǹgì onípele máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, ó lè dá ẹrù dúró síbi tí kò yẹ.

Ká ní iwájú òsì jẹ́ 205, iwájú ọ̀tún 198, ẹ̀yìn 172 àti 170. Ó di 745. Iwájú nìkan kó 403, ìyẹn bíi 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn LJ80 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 193, tó o bá fi 342 tó wà lẹ́yìn sọ ọ́ di púpọ̀, tó o wá fi 745 pín in, ó di bíi 88.6, ibẹ̀ ni ìwúwo ẹ̀ dúró sí láti táyà iwájú lọ sẹ́yìn. Nọ́ńbà yìí ni èmi ń wò ju àpapọ̀ lọ. Mọ́tò kúkúrú bẹ́ẹ̀ tó bá ń gun òkè tí gbogbo irin wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ iwájú á fúyẹ́ débi pé sítíárì á máa yí lásán.

Níwọ̀n ìgbà tí bọ́dì ò sí lórí ẹ̀ báyìí, wọn ṣáńsí lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ bó ṣe wà yẹn, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, kó o wá wọn bọ́dì lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá tò ó pọ̀ tán ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Tí mi ò bá wá rí òṣùwọ̀n kòkó ńkọ́? Èyí tí mo ní nílé ni òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ara ẹ̀, 150 kílò ló parí sí.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣáńsí:
Ó ṣeé lò. Wá pákó tó le dáadáa, ìrókò tàbí apá, kó gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Gbé páìpù kékeré kan sórí búlọ́ọ̀kù, gbé èkejì sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n ga bákan náà, kí sẹ̀ǹtímítà 150 wà láàárín wọn, kó o wá gbé pákó lé wọn lórí. Kọ iye tí pákó nìkan fà sílẹ̀. Táyà á wá dúró síbi 50 sí páìpù orí búlọ́ọ̀kù, òṣùwọ̀n ò ní í gbé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ lọ. Tó bá fi 66 lé orí iye ti pákó, 198 ni ẹsẹ̀ yẹn. Má gbàgbé pé àwọn tó kù gbọ́dọ̀ ga tó pákó yẹn o.

Páàtì ńkọ́, ìyẹn rọrùn. Bátìrì, rédíétọ̀, ilẹ̀kùn, ìwọ fúnra ẹ gbé e dání gun òṣùwọ̀n kó o yọ kílò tìẹ kúrò. Axle, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, gùn, gbé orí kan lé òṣùwọ̀n, kí orí kejì wà lórí nǹkan tó ga bákan náà, kà á, yí i padà, kó o ro méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ṣéènì bulọ́ọ̀kù gbé e kẹ́ ẹ sì so òṣùwọ̀n tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sáàárín. Àǹfààní mọ́tò yìí ni pé transfer case ẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, dá dúró, ṣáfútù kékeré ló so ó mọ́ gíá, ẹ lè wọn ìyẹn lọ́tọ̀.

ÌyáOníkòkó_Àkúrẹ́:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò ṣùgbọ́n ẹ ti dárúkọ òṣùwọ̀n. Ẹ má kàn lọ bá ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ ní kó wọ̀n ọ́n fún yín o, òṣùwọ̀n tó ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ wà ńlẹ̀ láìmọye. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà lọ́wọ́, ẹ gbé e lé e lórí lófìfo kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá wọn omi sínú ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan ìwọ̀n lítà, torí kẹ́ẹ̀gì tó kún dé ẹnu máa ń gbà ju 25 lọ. Lítà omi kan, kílò kan. Tí omi lítà 25 bá fi 22 hàn, ẹ pa dà sílé yín. Ẹ tún gbé e káàkiri igun òṣùwọ̀n náà, tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ń yí padà láti igun dé igun, inú ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ilẹ̀ tó wà lé tẹ́jú, ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní olè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n gbé e lé.

Ọmọ_Òkè_Ìdànrè:
Mọ̀mọ́ ẹ ṣé mà. Mo ti wọn ilẹ̀ bọ́dì pẹ̀lú tépù, tá a bá ti yọ àwọn ibi tó ṣe kókó sí ó máa súnmọ́ mítà onígun mẹ́rin kan àtààbọ̀. Páànù mílímítà kan, mítà onígun mẹ́rin kan ẹ̀ jẹ́ kílò 7.85, so mílímítà kan fún ilẹ̀ mi jẹ́ nǹkan bíi kílò 12, ti mẹ́ta tí wẹ́dà ń sọ jẹ́ kílò 35, a ò sì tíì ka ìlà wúruwùru orí ẹ̀. Kílò 23 lórí ilẹ̀ nìkan! Mo sọ fún un, ó ní ọ̀mùtí ló ń ṣe ìṣirò irin.

WáyàGbóná:
Kílò 23 yẹn kéré sí ọmọdé kan tó jókòó sẹ́yìn ṣá. Mi ò tíì gbà.

FọkanáísàÀkúrẹ́:
Ọmọdé a máa sọ̀ kalẹ̀, páànù ò ní í sọ̀. Ohun tí èmi rí níbi iṣẹ́ mi ni pé wọ́n á ṣe bọ́dì fífúyẹ́ tán wọ́n á wá ní kí n bá àwọn wá táyà ńláńlá. 6.00-16 ló bá a wá. Kílò tó wà lára táyà àti rímù burú ju èyí tó wà nínú bọ́dì lọ, sípíríǹgì ò gbé e, ó ń bá ihò jà fúnra ẹ̀ ni, bíréèkì ẹ̀ sì jẹ́ onílù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn náà ló máa dá a dúró tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Wọn táyà kan pẹ̀lú rímù kó o tó ra òmíì.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣáńsí:
Fọkanáísà sòótọ́. Ti ẹ́ńjìnnì Toyota, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra nǹkan kan kẹ́ ẹ tó gbé é kọ́ sórí òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ agbára ni mẹkáníìkì ń wá, ti Suzuki SJ413 wà, 1324 cc, alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó tóbi lè má wúwo tó bó ṣe máa ń dà lójú. Bó ti wù kó rí, ohun tó bá kún iwájú, á yí 88.6 tá a ṣe lókè yẹn padà, ẹ tún un ṣe. Fún wẹ́dà, ní kó lo mílímítà kan àtààbọ̀, kó tẹ ìlà sára ẹ̀ kó má baà máa dún gbàǹgbà, kó wá fi angle bar kékeré gbé abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.

ÌyáOníkòkó_Àkúrẹ́:
Ọmọ Ìdànrè, tó o bá fẹ́ lo tèmi kó o wá báyìí tí kòkó ò tíì pọ̀, tó bá ti di oṣù kẹwàá kò ní í ṣófo mọ́. Pákó tìrẹ ni kó o gbé wá o, èmi ò ní pákó.