Àbọ̀ mi lórí ọmọ onígi inú àpótí ìyá àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí ọmọ onígi tí mo bá nínú àpótí ìyá wa àgbà l'Ákùúrẹ́, tí mo ní bóyá ọmọlangidi ìṣeré ni? Kì í ṣe ìṣeré rárá. Ère ìbejì ni.

Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọn ò tíì gbà á lọ́wọ́ mi tán tí wọ́n fi ní, "Ẹ̀jìrẹ́ rèé." Wọ́n fi èékánná ha abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí i nídìí, nǹkan pupa kan bọ́ sí wọn látẹ́lẹwọ́: osùn. Wọ́n ní kí n wo imú rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Omi ìwẹ̀ àti ọwọ́ ìyá ló jẹ ẹ́. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá á máa wẹ ère rẹ̀, á fi osùn pa á lára, á sì fún un lóúnjẹ bí èkejì bá ń jẹun.

Ó dùn mí pé ìyá àgbà ò sọ fún wa rí pé àwọn bí ìbejì.

Ẹ ṣeun, pàápàá ẹni tó ní kí n yẹ irun ère náà wò. Aró ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́. A ò ní tà á. Mo ti fi aṣọ òfì ìyá àgbà wé e.