Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí nínú ìjọ àdúgbò yín

Ọmọ Mọ̀pà

Okun o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá bi mí pé kí ló dé tí òun fi gbọ́dọ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ kankan. Ó ń ka Bíbélì, ó ń gbàdúrà, ó sì ń gbọ́ ìwàásù àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó pọ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè gidi ni, mi ò fẹ́ fi ìbínú dá a lóhùn.

Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú ohun tí Májẹ̀mú Tuntun ní kí onígbàgbọ́ máa ṣe, ẹni tó dá wà kò lè ṣe é. Ẹrù ta ni yóò bá gbé, bí Gálátíà 6:2 ṣe wí? Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ. Àgbà ìjọ wo ni ẹni tí kò ní ìjọ fẹ́ pè? Hébérù 10:25 náà ní kí á má kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀, torí pé àwọn kan ti sọ ọ́ dàṣà láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi mọ ẹsẹ Bíbélì dáadáa. Ìrírí ni mo fẹ́ kó kà. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an ni kí ẹ sọ.

Onígbó Kajú, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kajú mọ̀ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, ojoojúmọ́ ló ń já. Bí o kò bá ṣà á, olè á bá ọ ṣà á. Bí òjò bá sì pa á nílẹ̀, kóró rẹ̀ á dúdú, àwọn tó ń rà á á já owó rẹ̀ wálẹ̀. Nílé tiwa, inú kajú ni owó ilé ìwé ti ń jáde.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá wa ṣubú lórí ọ̀kadà nígbà tí kajú ń já lọ́wọ́. Itan rẹ̀ kán. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, èmi àti àwọn àbúrò mi la kù sílé, ọmọ ilé ìwé sì ni gbogbo wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa wo ibi tí bàbá wa máa ń jókòó sí, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá dà?" Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fi dé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ obìnrin gbé bàsíà, àwọn ọ̀dọ́ kó àpò. Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn títí kajú fi tán nígbó. Wọ́n ṣà á, wọ́n yọ kóró kúrò lára èso, wọ́n sá a, wọ́n gbé e lọ síbi òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n tà á tán, alàgbà kan àti ìyá kan ló jọ gbé owó náà lọ bá ìyá wa ní ọsibítù, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ kílò kọ̀ọ̀kan sí. Kọ́bọ̀ kan ò dín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Ọkùnrin kan wà nínú àwọn tó ń ru àpò yẹn tí òun àti bàbá wa ń jà nítorí ààlà ilẹ̀. Àwọn alàgbà ṣì wà lẹ́nu ẹjọ́ náà nígbà yẹn, kò tíì parí. Síbẹ̀ ó wá. Bàbá wa gbọ́, ó dákẹ́ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi igi rìn padà wá sílé, ilé ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ ní kí á mú òun lọ.

Mo máa ń gbọ́ ìwàásù lórí fóònù dáadáa. Ṣùgbọ́n oníwàásù orí fóònù kò lè mọ̀ pé bàbá wa ò wá lọ́jọ́ yẹn.

Kọ́pà tẹ́lẹ̀ ní Kàbà

Abẹ́òkúta ni mo ti wá, mi ò mọ ẹnì kan ní Kàbà. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Kí oṣù tó parí, mo ti ní ìyá, mo ti ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílùú wọn.

Nọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja

Iṣẹ́ wa kì í jẹ́ kí n ráyè lọ́pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí náà mo mọ̀ bó ṣe rọrùn tó láti máa fi fóònù jọ́sìn. Ohun tó so mí mọ́ ìjọ ni pé wọ́n rí iṣẹ́ fún mi ṣe. Nígbà tí mo bá ráyè, mo máa ń dúró lẹ́yìn ìsìn, mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà. Ìyá kan wà nínú wọn tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọsibítù rárá. Nígbà tí mo wọn tirẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ó tẹ̀ lé mi lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó ní torí pé ọmọ ìjọ òun ni mí ni òun ṣe gbà. Ó ṣì wà láyé, ó ń lo oògùn rẹ̀. Kọ́ríńtì Kìíní orí 12 sọ pé ojú ò lè wí fún ọwọ́ pé òun ò nílò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín pé kí ni ìjọ lè ṣe fún yín, ẹ tún bi ara yín pé ta ni ó ń dúró de ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀ wa níhìn-ín. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára Titcombe College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Ní 1954 ni àwọn ìjọ tí SIM gbìn di ẹgbẹ́ ìjọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní ECWA. Láyé ìgbà tó dé, wọ́n ń ka ìbejì sí èèwọ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì dìde láti dáàbò bò wọ́n. Ẹ bá mi rò ó. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, bó ti wù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára tó, kò lè dá kojú gbogbo ìlú. Ó nílò àwọn tí yóò dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tí ìjọ ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn kó tó ní òrùlé páànù.

Ìyá Ìyàrà

Ẹ má bínú, tèmi yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, n kò rí owó ìkórè san. Wọ́n ka orúkọ mi mọ́ ti àwọn ajẹgbèsè níwájú gbogbo ìjọ, àwọn ọmọ mi jókòó níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lọ mọ́. Ẹ̀yin ń sọ ti kajú, inú mi dùn fún yín. Ṣùgbọ́n irú yín kọ́ ni mo bá pàdé.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ mi, ohun tí wọ́n ṣe burú. Jákọ́bù orí 2 bá irú wọn wí, àwọn tó ń tẹ́ tálákà nínú ìpéjọ. Opó ni wọn ìbá máa bọ́, òun ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní sọ fún ọ pé kí o padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn. Ṣé kò sí ìjọ mìíràn nítòsí?

Ìyá Ìyàrà

Ó wà, sà. Aládùúgbò mi kan ti ń mú wa lọ síbi ẹ̀kọ́ Bíbélì wọn ní ọjọ́rú. Wọn ò tíì dárúkọ owó fún mi. Orúkọ àwọn ọmọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Àmọ́ wọ́n ní bí mo bá fẹ́ di ọmọ ìjọ, wọ́n máa béèrè lẹ́tà láti ìjọ tí mo ti wá. Ìyẹn ló ń dá mi dúró.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀

Má jẹ́ kó dá ọ dúró. Ìrìbọmi rẹ kò sọnù, ọwọ́ ìjọ yẹn kọ́ ló wà. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún pásítọ̀ tuntun náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí wọn. Ìwọ má lọ tọrọ lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ láti bá a sọ̀rọ̀, mú aládùúgbò rẹ dání lọ.