Ṣé kí n ra odidi ìbọn AR-15, àbí kí n tò ó fúnra mi?

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Texas, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ AR-15 kan tí n óò máa fi dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó lóko ọ̀rẹ́ mi. Òun ló ní kí n má ra odidi, pé kí n ra ẹ̀yà rẹ̀ kí n tò ó nílé.

Ti òfin kọ́ ni mò ń bèèrè. Mo ní green card, mi ò sì ní tà á. Mo mọ̀ pé lower receiver (apá ìsàlẹ̀ ara ìbọn náà) ni òfin kà sí ìbọn gan-an, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni n óò ti rà á, n óò sì kọ Form 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó bá ń ra ìbọn lọ́dọ̀ wọn máa ń kọ.

Owó ló dá mi dúró. Mo ṣírò iye ẹ̀yà, ó fi díẹ̀ dín sí ti odidi, àmọ́ mi ò ní irinṣẹ́ kankan. Odidi ní wáráńtì. Èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi tò, ta ni n óò dá a padà fún? (Bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ gan-an, alágbẹ̀dẹ ló ń bá a tún ìbọn ṣe.)

Ẹ̀yin tí ẹ ti tò ó rí: fún ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan péré, tí a bá yọ owó irinṣẹ́, ṣé èrè kankan ṣì kù níbẹ̀?