Ìpín ọjà kẹ̀? Ta ló pín in?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń gbé ẹnu mi dákẹ́, àmọ́ "ìpín-ọjà" yìí ò jẹ́ kí n sinmi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: ọ̀gá wa ló túmọ̀ ìtàn bí nǹkan ṣe dẹnu kọlẹ̀ fún Apple, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, lọ́dún 1996, ó wá kọ ọ́ pé "Apple pàdánù ìpín-ọjà rẹ̀ ní ìdámẹ́rin kejì ọdún náà." Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "market share" ló pè ní ìpín-ọjà, "quarter", oṣù mẹ́ta mẹ́ta inú ọdún, ló sì pè ní ìdámẹ́rin. Nígbà tí àbúrò wa kan fọwọ́ kàn án, ọ̀gá ní kí ẹni tí ò bá gboyè nínú Yorùbá lọ jókòó.

Ó dáa, èmi ò gboyè. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ìyá mi sì ta ẹja ní ọjà Olúwo títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbé e mọ́. Kọ̀ǹpútà àti ọjà tí à ń jà lé lórí yìí, ilé wa ni àwọn méjèèjì wà. Mi ò jókòó.

Ẹ wo "ìpín" ná. Pín ni, wọ́n fi ì- sí i níwájú. Tí ìpín bá ti wà nílẹ̀, ẹnì kan ti pín nǹkan nìyẹn. Baba kú, wọ́n pín ogún, kálukú gbé ìpín tiẹ̀ lọ sílé. Ta ló wá jókòó tó pín ọjà kọ̀ǹpútà fún Apple? Ọjà kì í ṣe ogún bàbá ẹnì kankan. Windows 95, ètò tí Microsoft ṣe fún kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, jáde lóṣù kẹjọ ọdún 1995, ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà wo èyí tó dínwó, ó wo Macintosh tí Apple ń ṣe, ó gba ibi tó dínwó lọ. Oníbàárà ló lọ yẹn o, kò sí ìpín kankan tó sọnù.

Nígbà tí obìnrin kan gbé ẹja dé ẹ̀gbẹ́ ìyá mi tó ń tà á ní pọ́ọ́kú, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu màmá ni pé "wọ́n ti ń gba oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́." Lọ́wọ́, ẹ gbọ́ o. Kí ló dé tí a ò lè sọ pé ìdá mélòó nínú ọjà ló wà lọ́wọ́ wọn? Ti Apple lọ́dún yẹn, ìdá kan nínú mẹ́wàá ò pé sí wọn lọ́wọ́ mọ́. Ó yé yín, àbí kò yé yín? Kò sí háífùn kankan níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, "ìpín" ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Ìpín ìdókòwò ("shares") la ń gbọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n ti ń tà á ni ọjà ìpín. Ẹ wá ń fún wa ní ìpín ọjà. Kí ẹni tó ń kà á lójú ọ̀nà nínú mọ́tò mọ èwo ni èwo báwo?

Pàdánù wá ńkọ́? Ẹni tó pàdánù ìyàwó rẹ̀, ṣé ìyàwó náà dínkù ni? Ọjà Apple dínkù ni, kò tán. Bẹ́ẹ̀ èdè tó ń ka ọgọ́ta ó lé mẹ́sàn-án ní mọ́kàndínláàádọ́rin, ta ni yóò kọ́ ọ ní dín?

Ní ti owó gan-an, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ọ̀gá sì fò ó. Lálẹ́, ìyá mi á tú kókó etí ìró rẹ̀, owó tó fi ra ẹja á bọ́ sórí ẹní, èyí tó bá lé á bọ́ sínú agolo mílíìkì. Tí agolo bá wúwo, "mo jèrè." Tí agolo ṣófo tí ti orí ẹní pé, "owó mi pé." Ọjọ́ tí ti orí ẹní ò bá pé, ojú owó lòfò náà jẹ dé yẹn, kì í sọ nǹkan kan, á kàn ní kí n lọ dáná sí ààrò ká yan èyí tó kù.

Láti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá 1995, Apple ta ọjà tó lé ní bílíọ̀nù 3 dọ́là, síbẹ̀ wọ́n fi mílíọ̀nù 69 ṣòfò. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, òfò di mílíọ̀nù 740. Gil Amelio, ọ̀gá àgbà Apple tuntun, ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga lóṣù kejì ni. Àwọn Performa, irú Macintosh kan, tí wọ́n kó jọ de Kérésì ló kùtà, wọ́n lù wọ́n ní gbàǹjo, èyí táwọn èèyàn ń wá ò sì tó. Kọ̀ǹpútà tó bá kùtà ò ṣeé yan. Kùtà! Ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí, ẹnìkan ò rántí ẹ̀.

Lórí "ìdámẹ́rin", ẹ̀yìn ọ̀gá ni mo wà, àbúrò tó kà á sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò rí i dáadáa. Ìdámẹ́wàá tí ẹ̀ ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni, ẹnikẹ́ni ò san mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àmọ́ "kejì" yẹn ló ba nǹkan jẹ́, torí oṣù kẹwàá ni ọdún ìṣirò Apple máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní sí ìkẹta ni kejì tiwọn. Ọ̀gá ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Ẹ kọ oṣù tó parí sí, ó tán. Àwọn ìyá wa dá àjọ onítàdógún, wọ́n mọ ọjọ́ tí owó ń bọ̀.

Àti ẹni tó tún wá kọ "ẹ̀rọ ayárabíàṣà" lánàá, ṣé àṣà ló ń yára ni àbí àṣá? Àmì kan péré, ẹyẹ ti di ìṣe ìlú. Èmi ti ní kọ̀ǹpútà ni mò ń pè é, ẹ má bá mi jà.

Ọ̀gá, ìbéèrè kan ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ilé iṣẹ́ kan, lọ́jọ́ kan náà, owó ìpín ìdókòwò rẹ̀ já wálẹ̀, oníbàárà rẹ̀ náà dínkù. Ẹ fi "ìpín-ọjà" yín kọ gbólóhùn yẹn síbí, ká rí i.