Ilẹ̀ ìdaran etí odò tí wọ́n ń tà mọ́ ọdẹ àti ẹja: kí la máa yẹ̀ wò?

Àlejò Odò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilẹ̀ ìdaran kan wà tí wọ́n ń tà, hẹ́kítà 120, odò ló pààlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Onílẹ̀ ní yóò gba 100 màlúù láìra oúnjẹ kún un, pé ẹran ìgbẹ́ wà nínú igbó ẹ̀yìn rẹ̀, ẹja sì pọ̀ nínú odò, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó tí òun pè. Mo mọ màlúù sìn, ọ̀rọ̀ odò ni kò yé mi. Kí ni kí n wò kí n tó fọwọ́ sí ìwé?

Koríko Tútù
Ẹ má tíì ka 120 yẹn sí 120. Ẹ yọ ibi tí omi ń bò kúrò, kí ẹ tún yọ igbó tí ẹ fẹ́ máa ṣọdẹ. Ìyókù ni ilẹ̀ ìdaran, òun náà ni kí ẹ dúnàádúrà lé lórí.

Ẹ má bi onílẹ̀ léèrè ibi tí omi ń dé, igi ni kí ẹ wò. Pàǹtí tó há sórí ẹ̀ka, ìlà ẹrẹ̀ lára èèpo, koríko gbígbẹ tó wé mọ́ wáyà ọgbà: ibi tó ga jù nínú wọn, omi ti dé ibẹ̀ rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè lọ, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Ilẹ̀ wo ni kì í dùn ún wò nígbà òjò?

Ní ti 100 màlúù, ẹ wọn koríko fúnra yín. Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀, mítà kan lóòró, mítà kan níbùú. Ẹ gbé e sílẹ̀ níbi mẹ́wàá, kó má jẹ́ ibi tó dára nìkan. Ẹ rẹ́ koríko inú rẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ wá gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ pín àpapọ̀ rẹ̀ sí mẹ́wàá. Ká ní gíráàmù 150 ló bọ́ sí, kílò 1,500 nìyẹn lórí hẹ́kítà kan. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ kà, nítorí bí màlúù bá jẹ ẹ́ kanlẹ̀, gbòǹgbò á rẹ̀yìn, èpò ni yóò gba ipò rẹ̀. Màlúù tó wọn kílò 450 ń jẹ bíi kílò 11 koríko gbígbẹ lójúmọ́, kílò 330 lóṣù. Nítorí náà, kílò 750 yẹn kò ju oṣù méjì àti díẹ̀ lọ fún màlúù kan. Ẹ wá fi ṣírò gbogbo oṣù tí koríko kì í hù.

Awọnlẹ̀
Ọ̀rọ̀ "gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó" yẹn ni kí ẹ dì mú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, ẹja àti ẹran ìgbẹ́ lọ́tọ̀ lójú òfin. Onílẹ̀ lè ti fi ẹ̀tọ́ ẹja pípa háyà fún ẹlòmíràn, ó sì lè jẹ́ pé kò fìgbà kan ní in. Kí lọ́yà yín rí i nínú ìwé, kì í ṣe nínú ìpolówó: ta ló lè fa omi, ta ló lè pẹja, ṣé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba etí odò kọjá. Ti ọdẹ, ìwé àṣẹ àti àsìkò tí ìjọba fọwọ́ sí ni yóò sọ ohun tí ẹ lè pa.

Ààlà náà ńkọ́? Bí odò bá ń jẹ bèbè díẹ̀díẹ̀, òfin púpọ̀ ní kí ààlà máa bá a lọ. Bí ó bá já gba ọ̀nà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, ààlà a máa dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ lè ka ibi tó ti di omi mọ́ hẹ́kítà yín, ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

Dókítà Ẹran
Ilẹ̀ àbàtà ni ilé ìṣáwùrú, ìṣáwùrú ló ń gbé aràn ẹ̀dọ̀. Ẹ bi alápatà tó ń pa màlúù oko yẹn bí ẹ̀dọ̀ wọn ṣe rí. Bí ọ̀nà òróòro inú rẹ̀ bá nípọn, tó funfun, tí ọ̀bẹ ń dún lára rẹ̀, aràn wà níbẹ̀. Oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole kì í pa èyí tó ṣì kéré, triclabendazole ló ń pa á.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n sin òkú màlúù sí. Kòkòrò anthrax, àrùn tó ń pa màlúù lójijì, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àkúnya omi sì lè hú u jáde.

Àlejò Odò
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí màlúù máa mumi nínú odò?

Koríko Tútù
Rárá o. Pátákò wọn á wó bèbè, ẹrẹ̀ á bo ẹyin ẹja, ẹja tí wọ́n fi polówó á sì dínkù. Ẹ fa ọgbà sẹ́yìn bíi mítà mẹ́wàá, ẹ fi pọ́ǹpù fa omi sínú ọpọ́n. Ẹ ṣírò lítà 50 fún màlúù kan lójúmọ́, ẹ fi kún un fún èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú àti nígbà ooru. Fún 100, ó kéré tán lítà 5,000, kí táǹkì sì gba ti ọjọ́ méjì, nítorí ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá kọṣẹ́. Wáyà tó bá dábùú ipa àkúnya ló máa ń kó pàǹtí tí òpó fi ń wó; ẹ jẹ́ kó bá odò rìn.

Dókítà Ẹran
Ẹ kó màlúù kúrò nítòsí igbó lọ́jọ́ ọdẹ, ẹ má sì yìnbọn sójú omi, ọta máa ń ta padà. Ajá ọdẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ibi ọmọ màlúù tàbí ìfun tútù: kòkòrò kan wà tó ń ti ìgbẹ́ ajá bọ́ sínú koríko, tó ń mú oyún bàjẹ́ lára màlúù. Ẹ sin ibi ọmọ jìn, níbi tí omi kì í dé.