HashSet kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn persist: báwo ni mo ṣe lè kọ test fún hashCode?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ Java dáadáa.

Mo ní kíláàsì kan, Onibara, tí JPA (ètò Java tó ń fi nǹkan pamọ́ sí dátábéèsì) ń tọ́jú. Dátábéèsì ló ń fún un ní id (Long), equals (tó ń sọ bóyá nǹkan méjì bára mu) àti hashCode (nọ́ńbà tí HashSet fi ń wá nǹkan) sì gbára lé id yìí nìkan. Kí n tó pe persist (àṣẹ tó ń fi í pamọ́ sí dátábéèsì), null ni id, ìyẹn ni pé kò tíì ní. Mo fi oníbàárà kan sínú HashSet (àkójọ tí kì í gba ohun kan lẹ́ẹ̀mejì), mo pe persist, ni contains bá dáhùn false, bẹ́ẹ̀ size ṣì jẹ́ 1! Ó yé mi pé hashCode ti yí padà.

Mo ti jẹ́ kí hashCode máa dá 31 padà fún gbogbo wọn. Contains di true, Java ò sì lòdì sí i, àmọ́ ojú kan ṣoṣo (bucket) nínú HashSet ni gbogbo wọn há sí, àkójọ wa sì tóbi gan-an. UUID (àmì ìdánimọ̀ tí a lè ṣe fúnra wa kí a tó pe persist) ì bá dára, ṣùgbọ́n wọn ò gbà ká fọwọ́ kan tábìlì náà. AssertEquals lórí oníbàárà méjì tí id wọn bára mu ń yege ní gbogbo ìgbà, kò lè tú àléébù yìí fó.

Ṣé ọ̀nà míì wà yàtọ̀ sí 31? Báwo ni mo sì ṣe lè kọ test JUnit 5 (irinṣẹ́ ìdánwò fún Java) tí yóò kùnà bí hashCode bá yí padà lẹ́yìn tí id wọlé, láìlo dátábéèsì gidi?